Ìlù Tó Pẹ́ Dé

Gúnrégé ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń fi kọ̀ǹpútà to ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ìró tó bá yá jù, á dá a dúró. Èyí tó bá falẹ̀, á fà á wá sórí ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Onílù ni ọkọ rẹ̀, ìlù rẹ̀ kì í sì í bọ́ sórí ìlà láéláé. Gúnrégé á jágbe mọ́ ọn: "Olówó orí mi, ẹ tún ti pẹ́!" Ọkọ á rẹ́rìn-ín: "N ò pẹ́ o, jàre. Ìwọ lo ń kánjú."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Gúnrégé ṣí ìlù tí olóògbé lù kẹ́yìn sórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Wéré, gbogbo ìró tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé. Ó gbọ́ ọ. Ìlù náà mọ́ tónítóní, àmọ́ kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Inú bí i. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, ó sì tún un gbọ́.

"Ẹ tún ti pẹ́," ló sọ fún àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, tó ti di ibi tó ń kó wáyà sí. Ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró de ìró tó kàn.

Ó pẹ́, àmọ́ ó dé.