Ẹni Tó Gbá Ọmọ Náà Lápá Mú

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kò ríran. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń gbà, ìyẹn náà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ bò ó. Ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Djidjolé ló ń gbé, torí bàbá rẹ̀, ọmọ mi, kì í kúrò lójú ọ̀nà Cotonou pẹ̀lú ẹrù. Èmi ni mo máa ń mú un lọ sí Totsi ní Sátidé, níbi tí ọkùnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríran ní júdò.

Èmi kò mọ júdò. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Wọ́n tẹ́ ẹní tó nípọn sílẹ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun tó yi, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ìṣubú gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn: kí wọ́n fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kí wọ́n fi apá gbá ilẹ̀, kí orí má baà kàn án. Mo wò ó, mo ní èyí wúlò. Látìgbà tí ọmọ yìí ti ń rá ló ti ń forí gbá ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú rí.

Àwọn tó ríran máa ń jìnnà síra kí wọ́n tó wá ara wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ di ara wọn lẹ́wù mú, kí tíṣà tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Torí náà, bí ọwọ́ bá ti kàn wọ́n lápá, ara wọn ti mọ ohun tó kàn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Lọ́jọ́ kan, ó wà lọ́dọ̀ mi ní ọjà Adawlato, níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnì. Ó ń lọ ra omi níwájú wa, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Bàbá arúgbó kan tó ń ta fìlà nítòsí rí i pé ọmọlanke ń bọ̀ wá gbá a. Bàbá kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbá a lápá mú látẹ̀yìn. Kí n tó dìde, bàbá ti wà nílẹ̀.

"Yéè! Afọ́jú gbé Alájì ṣánlẹ̀!" Àwọn kan ń ké, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ń nawọ́ wá mi. "Ìyá àgbà, ta ni? Ta ni mo gbé?"

Ọrùn ọwọ́ bàbá ló rọ́. A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, a kúnlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá ní, "ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní Djidjolé nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, bàbá," ọmọ náà dáhùn. "Ẹ ò sọ̀rọ̀ ni."

"Kí n máa sọ̀rọ̀, kí ọmọlanke sì máa bọ̀?"

Òótọ́ ni ti àwọn méjèèjì. Bàbá dárí jì wá. Ọmọ mi tó wà lójú ọ̀nà Cotonou ni kò gbà. Ó pè mí lórí fóònù: "Màmá, júdò parí. Ọmọbìnrin tó ń gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀ lọ́jà, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Òun ni bàbá rẹ̀, mo gbà fún un. Mo sọ fún ọmọ náà pé bí èèyàn bá ti mú un lọ́wọ́, kó máa gbà.

Ó gbọ́ràn. Ìgbọràn náà ló wá ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá ti dì í mú báyìí, ṣe ló ń tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá a títí. Òdìkejì títì ńlá ni mo ti rí i, ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òun ń bá a sọdá ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo wò ó títí tó fi fi í sílẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ sọdá ni?" mo bi ọmọ náà.

"Rárá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Ẹ ní kí n máa gbà."

Mo pe bàbá rẹ̀, mo rò fún un. Mo ní, "A ń lọ sí Totsi ní Sátidé. Kí tíṣà kọ́ ọ bó ṣe máa mọ ọwọ́ tó yẹ kó já àti èyí tó yẹ kó gbà."

"Màmá, bó bá tún gbé ẹlòmíràn ńkọ́?"

"A ó tún lọ bẹ̀bẹ̀."

Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀." N kò mọ̀ bóyá ó gbà ni, àbí ó ń sọ pé bó bá bàjẹ́, èmi ni kí wọ́n bi. A máa lọ ṣá.