Bàbá Olóǹtẹ̀ àti Ìwé Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Gbogbo ẹni tó bá ti ní òkú láti sin ládùúgbò yẹn ló mọ ìtàn yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá Bàbá Olóǹtẹ̀ wá sí itẹ́ òkú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò. Ó yẹ ìwé dókítà wò, ó dára. Ó yẹ ìwé sàréè wò, ó dára. Ó wá gbójú sókè.

"Àkọ́bí olóògbé ò tíì fọwọ́ sí i."

Àbúrò rẹ̀ lanu sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́bí ni?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ẹ ní kí àkọ́bí wá."

Bàbá bọ́ fìlà iṣẹ́, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó yípo ilé, ó sì lọ tò sẹ́yìn èèyàn méjì tó wà lórí ìlà. Nígbà tó kàn án, kò rí ẹnikẹ́ni lójú fèrèsé, ló bá ń ráhùn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìsinsìnyí kì í jókòó sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó yá bírò, ó fọwọ́ sí i, ó padà wọlé, ó dé fìlà, ó wo ìwé náà títí bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì lu òǹtẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbórí lé tábìlì, tó sunkún bí ọmọdé.

Ọkùnrin náà le, àmọ́ kò rorò. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n fi ìkánjú sin òkú kan sí sàréè tí kì í ṣe tirẹ̀, obìnrin kan sì fi odidi ọdún mẹ́rin sunkún lórí òkú ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá ni wọ́n rán lọ sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òkú ò lè lanu sọ pé "Èmi kọ́ nìyẹn", ìwé ló ń bá a sọ ọ́.

Gbajúmọ̀ kan dé pẹ̀lú mọ́tò mẹ́ta láìmú ìwé kankan dání. "Ṣé ẹ mọ̀ mí ṣá?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Olóògbé ni mi ò mọ̀."

Ẹnì kan ni irú ọ̀rọ̀ yìí kì í pa lẹ́rìn-ín: àbígbẹ̀yìn Bàbá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Bàbá dá ìwé rẹ̀ padà torí pé dókítà ò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi wá dókítà kiri.

"Bàbá, ọmọ yín ni mí!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí wọ́n ṣi ọkọ rẹ gbé."

Inú tó ti bàjẹ́ ò gbọ́ àlàyé. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà ò fi tẹ ilé bàbá rẹ̀.

Bàbá wá kú. Ohun kan ṣoṣo ló ti ń tọrọ: kí wọ́n sin òun pọ̀ mọ́ ìyàwó òun tó ti kú ṣáájú. Àmọ́ òun náà ló fi òfin lélẹ̀ pé, kí wọ́n tó ṣí sàréè tẹ́nì kan ti wà nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n. Mẹ́rin ti fọwọ́ sí i.

Àkọ́bí Bàbá lọ bẹ obìnrin tí Bàbá kọ́ níṣẹ́, tó ti di ọ̀gá ọ́fíìsì. "Ẹ ṣàánú wa. Bàbá fúnra wọn mà ni."

"Bọ̀dá, tí mo bá fojú fo òfin Bàbá lórí Bàbá, wọ́n á dìde wá bá mi."

"Tí àbúrò wa bá kọ̀ ńkọ́?"

"A ó sin wọ́n sí apá ọ̀hún, lẹ́bàá ògiri." Omi bọ́ lójú òun náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbígbẹ̀yìn dé sí ọ́fíìsì náà. Ó kí wọn ṣókí, ó sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí èyí."

Ẹ̀gbọ́n, tí kì í bẹ àbúrò rẹ̀ kankan, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n ti kú. Ìjà ti tán."

"Ta ló ń jà? Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó kọ déètì! Ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sàréè sí, ẹ kọ 'ti Màmá'. Màmá ta ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé Bàbá lọ bá màmá onímàmá ni?"

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bú jáde. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìgbà yẹn ni àbígbẹ̀yìn tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló fi parí rẹ̀.

"Mo pẹ́ jù kí n tó wá," ló wí. "Ẹ fún mi níwèé tuntun."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, gbogbo wọn sì tún fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Bàbá kalẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara òkúta sàréè náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ pa á.

"Ó tọ̀nà," ló wí. "Ẹ wọlé, Bàbá mi. Ẹ ò ṣilé."