Ohùn Tí Kò Dé Ìlàjẹ

Wọ́n gé ìyá mi kúrò nínú ìsìn ìdágbére ọmọ rẹ̀.

Òbí kì í sin ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Màmá kò fi lè tẹ̀ lé òkú àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá sí olú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣómólú. Àwọn àgbà ẹbí ní kò gbọdọ̀ fojú rí pósí, ṣùgbọ́n bó bá fetí gbọ́ orin àti àdúrà, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. A wá ní kó jókòó sí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Ìlàjẹ, nítòsí ilé rẹ̀.

Èmi ni mò ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà yẹn, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀. Mọ́tíkáàsì ni mo tò sórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ohùn kan ṣoṣo á jáde láti Ṣómólú, ráútà á wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀ka tó bá bèèrè. Mo kọ àṣẹ fún ẹ̀ka Bàrígà, mo kọ fún ti Ìlàjẹ. Oníkálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀.

Nígbà tí mo ń dán an wò ní Ìlàjẹ, ìyá ẹlẹ́ja kan ní, "Alákọ̀wé wa, ṣé ọkọ̀ ojú omi ni ohùn yẹn máa wọ̀ wá?" Ẹ̀rín sọ. Kí wọ́n tó rín in tán, orin àwọn akọrin ti kún inú yàrá. Màmá fọwọ́ kan sípíkà.

"Ó ti tó mi," ló wí.

Lọ́jọ́ ìsìn, mo sọ̀rọ̀ sínú máíkì: "Màmá, kí ọmọ yín tó lọ, ó di ọwọ́ mi mú. Ó pè yín, ó sì sinmi." Ó ṣòro fún mi láti sọ ọ́. Mi ò tíì lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo dé Ìlàjẹ, Màmá ṣì jókòó níwájú sípíkà.

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

A ti sin ín tán.

Mo padà lọ ṣí ráútà. Àṣẹ Bàrígà wà níbẹ̀ digbí. Ti Ìlàjẹ ti pòórá. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìsìn ní, "Sista, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló daṣẹ́ sílẹ̀."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń ṣa ìlà kan pa?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Àwọn àlejò ńlá tí ibí ò gbà ló wà ní Bàrígà. Àwòrán ìsìn tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ohùn ń dúró. Wọ́n ní ká dín ẹrù orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù."

Ẹrù wo? Ẹ̀dà Ìlàjẹ kò gba ọ̀nà Bàrígà kọjá rárá. Pípa tí wọ́n pa á kò fi nǹkan kan kún ohun tí àlejò kankan rí.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ló pàṣẹ? Ta ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́? Ta ló mọ̀ pé ìyá olóògbé wà ní Ìlàjẹ, tó sì dákẹ́? Ẹ má fèsì fún mi. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀, kí ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ létí rẹ̀.