Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dákú Bí A Bá Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ní Kùtọnù, tòkunbọ̀ tó mọ́ dáadáa, kí n lè fi wá iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e dé Ìlaró ni ìjọba ti ẹnubodè pa. Ìgbà náà ni ojú kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A kò lè rí òmíràn gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ mo ní ìdánwò iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fúnni láyè. Bó bá ṣú mọ́ mi lọ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ̀gbọ́n mi yóò rò pé owó àwọn ṣòfò. Ẹ̀rù tún bà mí pé wọn kò ní rò bẹ́ẹ̀, wọn yóò kàn ṣàánú mi, ìyẹn sì burú jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ń wo fíìmù, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere. Bí mo bá ń kàwé jẹ́ẹ́, tí ohunkóhun kò mira, á ṣú. Bí mo bá mi ọfà kékeré tí a fi ń tọ́ka lójú rẹ̀, á tún jí, kò sì ní pẹ́ tún ṣú. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wò ó títí.

“Irú ọmọ kíláàsì bẹ́ẹ̀ wà,” ni wọ́n wí. “O ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀.”

Mo wádìí títí ó fi yé mi. Dírafà, ètò tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, máa ń sinmi bí àwòrán kò bá yí padà, kí iná má baà ṣòfò. Ojú kọ̀ǹpútà ló yẹ kó rántí àwòrán náà fúnra rẹ̀. Tèmi kì í rántí nǹkan kan.

Mo gbé aago kékeré kan sí igun rẹ̀, tí ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ń sáré, kí nǹkan kan lè máa mira. Kò ṣú mọ́. Mo jó yíká yàrá. Mo wá rántí pé ojúewé ìdánwò máa ń bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, aago mi kò ní hàn. Mo jókòó.

Ó di dandan kí n wọ inú dírafà fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ti fi ààyè kan síbẹ̀ láti to orúkọ àwọn ojú kọ̀ǹpútà olóríkunkun tí dírafà kò gbọdọ̀ sinmi fún. Mo kọ orúkọ tèmi kún wọn. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mo ti rò pé èmi nìkan ni irú rẹ̀ dé bá, àfi bí ẹni pé mo bá ẹbí pàdé níbẹ̀.

Mo pa á, mo tún un tàn, mo ṣí ojúewé kan, mo pe gbogbo ilé. Màmá mi gbé àtẹ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wá.

“Kí là ń wò?”

“Kò sí nǹkan kan, Màmá. Pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ là ń wò.”

“Ẹni tó lọ sí yunifásítì nìyí o,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

A ń wò ó. Ikọ́ gbé Bàbá, wọ́n gbé e mì. Kò ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi bá pàtẹ́wọ́ fún ojúewé tó dúró gbagidi, ni ẹ̀rín bá pa gbogbo wa.

“Ṣé kò ní máa jẹ iná báyìí?” ni Bàbá bi mí.

“Á máa jẹ ẹ́, Bàbá.”

Lásìkò náà, epo jẹnẹrétọ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n gbé epo wá sí ìtòsí ẹnubodè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà lọ wá a dé Ayétòrò, wọ́n ń kùn lọ, wọ́n ń kùn bọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìbéèrè kìíní gùn bí ìwàásù. Mo ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́rán, mo kà á dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà. Ó ti yé mi tẹ́lẹ̀. Ó kàn dùn mọ́ mi pé mo lè kà á ni.

Màmá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. “A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti kú ni?”

“Kò kú, Màmá. Mo ń ronú ni.”

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ Ajé: wọ́n gbà mí. Mo kà á sókè fún gbogbo ilé. Ohùn mi ń gbọ̀n, mo sì ń ṣàlàyé ìdí tó fi ń gbọ̀n fún wọn, títí Bàbá fi ní kí n dákẹ́ ná, kí àwọn náà lè yọ̀ díẹ̀.