Iná Aláwọ̀ Ewé ní Pálọ̀ Ayálégbé Mi

Ọjà tí wọ́n ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣí láàárọ̀ bí mi ò bá tíì húkọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn gba ohùn lọ́wọ́ mi, àwọn ọ̀gá ńláńlá dúró síta l'Ékòó tòun ti kóòtù àti táì lọ́rùn wọn, oòrùn ń pa wọ́n, títí mo fi mu omi gbígbóná tán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi wọ́n.

Rédíò ni mo tún ṣe jẹun ní Dùgbẹ̀, òun náà ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé l'Ágbówó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀karùn-ún ló sì yé mi mọ. Ọmọbìnrin mi ló wá kàwé débi tó fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ó ṣe ọ̀kan tó ń ra ìpín, tó sì ń tà á fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ á bá kọ̀ǹpútà àwọn alágbàtà sọ̀rọ̀, èèyàn kankan ò ní sí láàárín. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà sọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní API. Bí ọ̀nà náà bá là, iná kékeré kan á tàn lójú kọ̀ǹpútà, á ní àwọ̀ ewé. Bó bá dí, iná náà á pọ́n, ẹnìkan á sì ní láti fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì kan kí ọjà tó ṣí.

Sólà tó gbé kọ̀ǹpútà náà ró, orí òrùlé mi ló wà. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọmọ mi gbé e sí: pálọ̀ ayálégbé mi nísàlẹ̀. Ó ní eruku òkú rédíò ti pọ̀ jù nínú tèmi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni ayálégbé yìí, aládùúrà ni, ó máa ń bọ́ bàtà kó tó wọ pálọ̀ ara rẹ̀. Láràárọ̀, fóònù rẹ̀ á dún. Èmi á wà lórí àtẹ̀gùn, màá ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀.

"Ó ti tàn, ìyá mi," ni á wí. Á wá rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí mi ò gbọ́.

Ọmọ tí mo bí ló ń pè ní ìyá mi. Èmi bàbá rẹ̀, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń pè mí, bí ẹni ń san ìtọrẹ. Ó kù díẹ̀ kí n fi kún owó ilé ọkùnrin náà nítorí ẹ̀rín yẹn. Ìyàwó mi ní kí n kúkú bi ọmọ mi ìdí tí kò fi yàn mí. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, ṣé mò ń jowú ni? Ó wò mí, ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ayálégbé mi fẹ́ lọ sí àpéjọ ìjọ wọn. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó fi bọ́tìnnì hàn mí, ó ní, "Bàbá láńlọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré dá a lóhùn o." Ta ló ń sáré dá ọmọ rẹ̀ lóhùn? Lọ́jọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ bùbá tó mọ́, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Iná pọ́n. Kí n tó nawọ́ sí bọ́tìnnì, fóònù mi dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ó ti tàn?"

Mo ní ṣé ó jí dáadáa. Mo bèèrè ọkọ rẹ̀, mo bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bèèrè bí ọ̀nà Challenge ṣe rí. Ó ń dáhùn, ó sì ń fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ iná. Mo ní kó fara balẹ̀, mi ò tíì súre fún un. Mo bẹ̀rẹ̀. Kò ní ṣìṣe, àmín. Ọ̀nà rẹ̀ ò ní dí, àmín. Àmín rẹ̀ ń yára sí i, mo rò pé àdúrà náà ló wọ̀ ọ́ lára. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi débi pé mo gbàdúrà fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ring Road, mo sì mú awakọ̀ tó gbé e débẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo ṣe tán, ó bi mí léèrè.

"Bàbá, àwọ̀ wo ni?"

"Ó pọ́n díẹ̀."

"Ọjà ti ṣí, sà."

Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́, iná yí padà. Ó wá ṣàlàyé pé ayálégbé mi máa ń sọ àwọ̀ iná kó tó kí òun, àti pé òun ò lè sọ fún bàbá òun pé kó gé àdúrà kúrú. Ó ní kí n máa pe òun bí ọjà bá ti tú, kí n gbàdúrà bó ti wù kó gùn tó, pé ìpè yẹn lòun á máa retí.

Ayálégbé mi dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún, mo sì mú ìgbálẹ̀.

Ibi tí mo ti purọ́ ni ibi tí ọmọ mi ti ní kí n máa pe òun lẹ́yìn ọjà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ ṣé, sà," ló wí, ló bá pa fóònù.