Fèrèsé Tí Ẹ̀rù Mi Tì Pa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Ṣàngó, kò sí ọmọ tó lè sáré tó mi. Ẹ má rò pé agbára ni o. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ajá ń bà mí, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí, ṣùgbọ́n èyí tó ga jù ni ẹ̀rù fèrèsé kan nílé tó kángun sí tiwa.

Tíṣà obìnrin kan láti Ọ̀mù-Àrán ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ kì í sì í dúró. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sílé ìwé, ìdí fèrèsé ni ọmọ náà máa ń wà, tí yóò máa wo àwa tí à ń lọ pọnmi. Àwọn àgbà sì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó yáa tutọ́ sí ọrùn aṣọ ara rẹ̀, kó má baà bí irú rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: ọmọ ọdún mẹ́jọ ń fitọ́ ṣọ́ ọmọ tí kò tíì bí! Lálọ lábọ̀ ni mò ń tu ú. Kí n tó gbé omi délé, ọrùn ẹ̀wù mi á ti rin gbingbin.

Lọ́jọ́ kan, mo dé fìlà tuntun tí bàbá mi rà fún mi ní ọjà Gàmbàrí. Bí mo ṣe ń kọjá, ọwọ́ kan yọ lójú fèrèsé, ó gba fìlà lórí mi. Mo ju korobá, mo sá, mo já sí gọ́tà, eyín iwájú mi kan sì ṣẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọ náà tó ń rẹ́rìn-ín. Eré ló fẹ́ bá mi ṣe, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò délé láìsí fìlà, láìsí omi, láìsí eyín, tí yóò sọ pé ẹ̀rín ló lé òun? Mo ní ṣe ló fẹ́ fún mi lọ́rùn pa.

Àwọn òbí àdúgbò gbéra, wọ́n lọ bá tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, ó fi pákó àti ìṣó kan fèrèsé náà pa. Òun fúnra rẹ̀ ló mú fìlà mi wá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. "Gba fìlà rẹ, ọkọ mi." Kò pẹ́ tí wọ́n kó lọ, n kò sì rí ọmọ náà mọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe ń mú èèyàn padà sídìí ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin àbúrò mi bí ọmọkùnrin kan. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, kò tíì sọ̀rọ̀, ariwo ló fi ń sọ tirẹ̀, itọ́ sì máa ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ìyá rẹ̀ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí bí ọmọ bá ti ké, gbogbo ọrùn á yí padà. Nígbà tó yá, ìjọ wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí àwa ọmọ ìjọ máa gbà á ṣe láàárín ara wa láti jókòó tì wọ́n, kí àwọn ìyá lè gbọ́ ìwàásù délẹ̀.

Màmá tó ń ṣe olórí ètò náà wá bá mi: "Bàbá, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ̀yin ló kàn o."

Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

"A ò ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ jókòó, bàbá. Ìdí lẹ máa fi jókòó."

Ìyá ọmọ náà ti kìlọ̀ ní tirẹ̀ pé bí wọ́n bá dójú ti ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan péré sí i, wọn ò ní rí ẹsẹ̀ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, mo lọ jókòó sí yàrá ọ̀hún, ó sì gbé ọmọ wọlé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti fa ọrùn bùbá mi, mo ti tutọ́ sí i. Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, òun náà fa ọrùn ẹ̀wù tirẹ̀, ó tutọ́ sí i, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ṣe é. N kò lè bá a wí. Bí ẹ bá rí ojú mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà á tu ú.

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà?" Ó ti ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Fìlà tí tíṣà fọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ọmọ mi, má lọ. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ojo ni mí láti kékeré. Gbé e fún mi."

Ó wò mí títí kó tó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi, ó fà á wò, ó sì sùn lọ sí èjìká mi. Kí ìsìn tó parí, itọ́ rẹ̀ ti rin bùbá mi gbingbin. Kò pa mí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, mo bi í léèrè ohun tí pásítọ̀ wàásù lé lórí.

Ó ń nujú. "Bàbá, oorun ni mo sùn. N ò mọ ìgbà tí mo ti sùn báyẹn kẹ́yìn."

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń rí àwọn tó ń fa ọrùn aṣọ wọn ní àdúgbò Post Office. Láyé ìgbà tiwa, ìṣó la fi ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Lóde òní, fèrèsé yàrá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbayawu ló máa ń wà. Mò ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní Sọ́ńdè tó kọjá, ọwọ́ kan yọ, ó gba fìlà lórí mi. N kò sá. Ẹ má yìn mí jù, orúnkún mi kò gba eré mọ́. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.