Kápúsù Tí A Tú Dà Sórí Orúnkún

Nígbà tí mo ṣì kéré ní àdúgbò Joju, ní Ṣàngó, ẹnu Anti Nọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú aláìsàn lẹ́yìn ilé wa, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé oògùn máa ń rìnrìn àjò. Ẹ ó rántí ayé ìgbà náà: ẹ̀bá ọgbà iléeṣẹ́ ọṣẹ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òórùn ọṣẹ kì í sì í jẹ́ ká mọ ẹni tí kò tíì wẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ṣubú sí tí páànù fi gé mi lórúnkún.

Bàbá mi ra kápúsù pupa-òun-dúdú wálé. Èmi ò lè gbé oògùn mì rárá. Ṣe ni ọ̀fun mi á tì pa. Mo wá bẹ Màmá pé kó tú u dà sójú egbò, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe.

"Òótọ́ kúkú ni," Màmá wí. "Orúnkún ló ń dùn ọ́. Kí ni oògùn ń wá lọ síkùn?"

Ó tú u dà sójú egbò, inú mi dùn. Mo rọ gààrí sínú èèpo kápúsù, mo fi ń ṣe dókítà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orúnkún mi ti wú bí àgbọn, mi ò lè dìde mọ́. Màmá pọ̀n mí, géńdé ọmọ bí èmi, ó di ọ̀dọ̀ Anti Nọ́ọ̀sì.

"Ìyá Súlè, gbígbé mì ni!" Anti figbe ta. " Inú ni èèpo rẹ̀ á ti yọ́, ìfun á fà á mu, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni bọ́ọ̀sì tó máa gbé e dé orúnkún."

"Kì í bọ́ sílẹ̀ lọ́nà ni?" Màmá béèrè.

"Gbogbo ibùdókọ̀ ló ń dé. Àmọ́ bí Súlè ò bá gbé e mì, ọsibítù ni ẹ máa gbé e lọ, wọ́n á sì la orúnkún yẹn."

Bí mo ṣe gbọ́ "la", ọ̀fun mi ṣí. Anti fọ egbò náà, ó fún mi ní kápúsù mìíràn. Mo gbé e mì, mo tẹ etí mọ́ orúnkún, mò ń retí bọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé.

Lónìí, ilé ìtajà oògùn ti pọ̀ ní Ṣàngó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Oògùn olómi tó dùn bí ọsàn làwọn ọmọ mi ń mu, wọ́n ṣì ń sunkún. Orúnkún Màmá ló wá ń dùn ún báyìí. Láàárọ̀ àná, ó gbé oògùn rẹ̀ mì, ó wò mí.

"Súlè, ṣé eléyìí máa débẹ̀?"

"Ó ti wọkọ̀, Màmá."

Ni Màmá bá tẹ orí wálẹ̀, ó ń fetí sí orúnkún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, egbò ta ni wọ́n da oògùn gbígbé mì sí nílé tiyín?